Adágún Tó Ń Sá Lọ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Máàpù Etíkun Alaska

Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kí ẹ wá Utqiaġvik ní Alaska, ìlú tó jìnnà jù sí àríwá ní Amẹ́ríkà. Ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ rí àwọn nǹkan gbọọrọ bí ẹyin tó kún ilẹ̀ yẹn? Adágún ni gbogbo wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi bí ẹran inú fíríìsà, yìnyín sì wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Bí yìnyín yẹn bá yọ́, ilẹ̀ á rì, omi á gba ojú ibẹ̀. Omi náà á máa gba ooru oòrùn sára, á máa jẹ etí ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, adágún lè já sínú odò tàbí òkun, kó gbẹ, kó ku àbàtà. Ìdí nìyẹn tí máàpù àná fi lè purọ́ fún èèyàn lónìí.

Sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé láti 1972. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò lè ríran la ìkùukùu kọjá, oòrùn kì í sì í yọ ní Utqiaġvik fún bí oṣù 2 nígbà òtútù. Rédà ló yanjú ìyẹn. Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2014, ń fi àmì tirẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀, bí ẹni tó pariwo tó ń dúró de gbohùngbohùn. Bí adágún bá ti dì kan ìsàlẹ̀, àmì náà á wọlẹ̀ lọ. Àwòrán á dúdú. Bí omi bá ṣì wà lábẹ́ yìnyín, àmì á ta padà. Àwòrán á mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ihò kankan.

Kí ló wá dé tó fi ṣe pàtàkì? Yìnyín ibẹ̀ lè nípọn tó mítà 1.5. Adágún tó bá ṣì lómi lábẹ́ ni ẹja ti ń rí ibi sá sí, àwọn ọmọ Iñupiat sì ń jẹ ẹja náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ irú adágún bẹ́ẹ̀ ń yọ́ tọ̀sántòru. Ohun tó ti kú síbẹ̀ látayébáyé á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á máa tú gáàsì mẹ́tẹ́ènì tó ń mú ayé gbóná jáde. Gáàsì ò sì mọ bodè: ooru rẹ̀ kan gbogbo wa.