Ibi Tí Ọgbọ́n Sísẹ́ Ìpáàrà Nínú Omi Ti Wá

Ẹni tó bá fa omi bọ́họ́ọ̀lù ní Agbowó tàbí Bódìjà, n'Ìbàdàn, lè rí i pé ó mọ́ gaara bó ṣe ń jáde. Tó bá máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ọ̀hún ti lè pọ́n, aṣọ funfun tí wọ́n fi fọ̀ á gba àwọ̀, ẹrẹ̀ pupa á sì ti dì sí ìdí táǹkì.

Inú àpáta ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn ní irin nínú, irin yìí sì máa ń yòrò sínú omi níbi tí atẹ́gùn kò dé. Ojú kò lè rí i nígbà náà. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí omi náà, irin á dógùn-ún, á di ìpáàrà tó kúnná débi pé aṣọ asẹ́ ògì ò lè mú un.

Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́ adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ti Aṣéjìrẹ́, lórí odò Ọ̀ṣun, tẹ̀ lé e lọ́dún 1972. Ìlú wá fẹ̀ ju ibi tí omi ẹ̀rọ lè dé lọ, ni kálukú bá ń gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù sínú ọgbà rẹ̀.

Ìlú Berlin ní Jámánì ti jẹ irú ìyà yìí rí. Lọ́dún 1877, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi tó ń fa omi kànga ní Tegel. Irin da omi náà rú débi tí wọ́n fi pa kànga tì, tí wọ́n lọ ń fa omi adágún. Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bíi Carl Piefke rí ọ̀nà àbáyọ: wọ́n jẹ́ kí omi máa kán sílẹ̀ látòkè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ gba inú yanrìn. Ọgbọ́n yìí náà la ṣì ń lò dòní. Bí ìpáàrà bá kúnná jù, álọ́ọ̀mù á kó o jọ, á sì rì sísàlẹ̀.

Atẹ́gùn ló ṣáájú, yanrìn ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá so asẹ́ yanrìn mọ́ ẹnu ẹ̀rọ láìjẹ́ kí atẹ́gùn kan omi, irin tó ti yòrò á gba inú yanrìn kọjá, á sì lọ pọ́n sínú táǹkì.

Ẹ̀yin onílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yín wò kẹ́ ẹ tó náwó. Mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan ni òṣùwọ̀n Nàìjíríà gbà fún irin. Ẹ máa fọ yanrìn asẹ́ yín déédéé. Kẹ́ ẹ sì rántí pé omi tó mọ́ lójú ṣì lè ní kòkòrò àrùn: ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún.