Òfin Eré Tó Bá Yí Padà, Kí Ó Ní Ọjọ́ Lórí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló na Lewis MacKay ní àṣekágbá, kò sì jẹ́ kó rí ẹyọ kan mú. Ká ní ó ti to O àti K pọ̀ lórí pátákó lọ́jọ́ náà, tí alátakò rẹ̀ sì pè é níjà, wọn ì bá ti yọ ọ́ dànù, ìgbà tirẹ̀ ì bá sì ti lọ lásán. "OK" kò sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Collins tí wọ́n ń lò nígbà náà. Ọdún 2019 ló wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tó lé ní 2,800. Ní 2021, wọ́n tún yọ nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀ èébú kúrò, ariwo ńlá sì sọ láàárín àwọn tó ń ṣe eré náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n padà lọ ka máàkì Perth. Gbogbo wọn mọ àkójọ tó wà lóde lọ́dún náà, òun náà ni wọ́n sì fi dájọ́. Èrò tèmi ni pé àtúnṣe kì í ba òfin eré jẹ́. Àtúnṣe tí kò ní ọjọ́, tàbí èyí tí kò dé ọwọ́ ẹni tó ń fi òfin náà ṣeré, ló ń bà á jẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló délẹ̀ nínú Dungeons & Dragons, eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Àwọn èèyàn mélòó kan á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á di jagunjagun, èkejì á di olè, ẹlòmíràn á di onídán. Olùdarí á máa sọ ìtàn, wọ́n á sì da dáìsì síbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwé òfin rẹ̀ nípọn gan-an. Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast, tí Hasbro ni ín, tún àwọn ìwé mẹ́ta tó jẹ́ òpó eré náà kọ láàárín oṣù kẹsàn-án 2024 sí oṣù kejì 2025. Kò pẹ́ tí àṣìṣe fi yọjú. Ọfọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Conjure Minor Elementals. Tí onídán bá pè é, dáìsì olójú mẹ́jọ méjì á kún ìyà tí ọ̀tá tó wà nítòsí ń jẹ, nígbàkígbà tí ọwọ́ onídán náà bá bà á. Ìpele kẹrin ni ọfọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ìwé tuntun náà ní kí wọ́n fi dáìsì méjì-méjì kún un fún ìpele kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè sí i. Nígbà tó bá fi dé ìpele kẹsàn-án, dáìsì ti di méjìlá lórí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ ọ̀nà lè ju ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó kan ẹlòmíràn. Àwọn tó kù di òǹwòran. Àtúnṣe wá sọ méjì-méjì yẹn di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méjìlá sì di méje. Àwọn kan ní àìbìkítà ló fa irú àṣìṣe yìí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2022 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fi òfin tuntun rẹ̀ sí gbangba kí àwọn èèyàn dán an wò. Òfin kan lè dára fúnra rẹ̀, kó sì di ìjàngbọ̀n lọ́jọ́ tó bá pàdé òfin mìíràn tó dára bíi tirẹ̀, ìpàdé wọn sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè dán wò tán.

Ibòmíràn ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣìnà. Ní oṣù kẹjọ 2024, ó kéde pé lórí D&D Beyond, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń fi owó wọn ra ìwé òfin, ọfọ̀ tuntun àti ohun ìdán tuntun yóò rọ́pò ti àtijọ́ fún àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀. Ẹni tó wà láàárín ìtàn tó ti ń bá bọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn á kàn jí lówùúrọ̀, á rí i pé ohun tóun gbójú lé ti yí padà. Àwọn oníbàárà fárí gá, láàárín ọjọ́ mélòó kan ilé iṣẹ́ náà sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bínú. Collins kò wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ ya ojú ewé kúrò nínú ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble rẹ̀ ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, pàápàá fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ ní Ìkòsì tàbí Kétu ní Èkó. Dọ́là 49.99 ni ìwé kan nígbà tó jáde. Ní bí wọ́n ṣe ṣẹ́ dọ́là ní 2025, ìyẹn tó nǹkan bí 75,000 náírà, láìtíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà jẹ́ 70,000, ti Èkó sì jẹ́ 85,000. Ta ló máa ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìlà kan? Ìdí nìyí tí mo fi yin ilé iṣẹ́ náà fún ohun tó ṣe ní oṣù kẹrin 2025: ó kó kókó òfin náà jọ sínú ìwé kan tó pè ní SRD 5.2, ó sì fi í sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì pín in. Nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe nínú ìyẹn náà, wọ́n gbé 5.2.1 jáde. Nọ́ńbà yẹn nìkan ti sọ fún ọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Kì í ṣe eré nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó mọ ohun tí ọjọ́ tó wà lórí òfin lè fà. Nígbà tí ìjọba Èkó ká ọ̀kadà lọ́wọ́ kò ní oṣù kejì 2020, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dárúkọ, Kòsọ́fẹ́ kò sì sí níbẹ̀. Mẹ́fà náà ni wọ́n fòfin dè pátápátá ní oṣù kẹfà 2022. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ó kan Kòsọ́fẹ́, pẹ̀lú Ìkòsì-Ìṣẹri àti Agbóyì-Kétu. Ọlọ́kadà tó gbé èrò ní Mile 12 lọ́jọ́ tó ṣáájú kò rú òfin yìí. Bó bá gbé èrò kan náà gba ojú ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè gba ọ̀kadà rẹ̀ kí wọ́n sì rún un wómúwómú. Ọjọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ọlọ́kadà kò bá gbọ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló máa lọ sí i.

Ẹlòmíràn á ní ayò ọlọ́pọ́n wa, ihò méjìlá pẹ̀lú ọmọ méjìdínláàádọ́ta, kò ní ìwé àtúnṣe kankan, bẹ́ẹ̀ ọ̀ta ń pa òpè títí dòní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran tó yí ọpọ́n ká ni ìwé àtúnṣe ayò: bí ẹnì kan bá ṣì í ta, ẹnu ni wọ́n fi ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wà ní Kétu tó ń bá ẹni tó wà ní London ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tún ní olùdarí ló ni àṣẹ lórí tábìlì, kò sì sí ohun tí ìwé àtúnṣe fẹ́ ṣe fún òun. Àṣẹ náà wà lóòótọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ olùdarí tó máa kọ̀ láti gba àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà, kó sì sọ ọ́ kí wọ́n tó da dáìsì. Bí ó bá sì gbà á, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó tó ń bọ̀. Ọ̀tá tí dáìsì méjìlá ti pa lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n má jí i dìde.