Àpò Owó Ọjà Ọ̀tọ̀, Àpò Owó Ọbẹ̀ Ọ̀tọ̀

Kọ̀ǹpútà kan la ní nílé ẹgbẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo fi Chrome ṣí í-meèlì ẹgbẹ́, mo gbàgbé, n kò jáde níbẹ̀. Ọmọ tó wá wo fíìmù ló bá ìwé owó wa ní gbangba! Ojú tì mí.

Àṣé Chrome àti Firefox tá a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè jọ wà nínú kọ̀ǹpútà kan, kálukú pẹ̀lú àpò tirẹ̀. Í-meèlì tẹ́ ẹ ṣí nínú Chrome, Firefox ò mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, Firefox ni ti owó ẹgbẹ́, Chrome ni ti fíìmù.

Ṣùgbọ́n o, àpò kì í ṣe kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè ṣí méjèèjì. Ẹ máa jáde kẹ́ ẹ tó dìde.