Bí Olùṣọ́ Bá Wó Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ní ayé tiwa, inú ìwé ńlá ni orúkọ àti máàkì wa wà. Bí ikán kò bá jẹ ẹ́, kò sí ewu. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọ ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ní Ògbóòró níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ti ìlú ńlá. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí sì jẹ́ èyí tí àwa ọmọ ìlú ti lò lẹ́yìn odi kí a tó fi tọrẹ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọ tí mo ń bójú tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ojú rẹ̀ á di búlúù, ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ á hàn, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ọdún 11 wà nínú rẹ̀, a kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Gbogbo wa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ni. Àṣé èmi gan-an ni mo fa ọ̀ràn náà: mo ti fi ètò ààbò tuntun kún èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Báwo ni ètò ààbò ṣe lè pa kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣọ́? Ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà dà bí àlejò ní pálọ̀: bí ó bá ṣìwà hù, a lè tì í síta, ilé kò ní wó. Ṣùgbọ́n ètò ààbò ní apá kan tí à ń pè ní dráífà, tí orúkọ fáìlì rẹ̀ sábà máa ń parí sí .sys. Inú ìyẹ̀wù ni dráífà yìí ń gbé, nítorí ó gbọ́dọ̀ yẹ fáìlì wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀, Windows á dá gbogbo iṣẹ́ dúró kí nǹkan má bàa bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Kì í ṣe àwa oníkọ̀ǹpútà àtijọ́ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí agogo márùn-ún àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà fi àfikún tuntun ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀. Òfin inú àfikún náà fẹ́ wo ohun 21, bẹ́ẹ̀ ohun 20 péré ni ètò náà tò kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ, ó sì ṣubú. Láàárín ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n fà á padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ti dákú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju kí a tan kọ̀ǹpútà ní Safe Mode, kí a sì pa fáìlì kan rẹ́.

Ọ̀nà yìí náà ni àwa lè tọ̀:

1. Ẹ kọ ohun tí ó wà lójú búlúù náà sílẹ̀, pàápàá orúkọ tí ó bá parí sí .sys. Ẹ lè fi fóònù yà á.

2. Ẹ tan kọ̀ǹpútà ní Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba dráífà tí kò lè ṣe aláìní. Lórí Windows 7, ẹ máa tẹ F8 léraléra bí ó ti ń tàn. Lórí Windows 10, bí ó bá kùnà láti jí nígbà mélòó kan, ojú ìwé àtúnṣe á yọ fúnra rẹ̀. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ sì tẹ 4.

3. Ẹ da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fláàṣì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

4. Bí ó bá ń kú síbẹ̀, ẹ fura sí mẹ́mọ́rì, sí dísìkì, tàbí sí ooru. Eruku ọyẹ́ Òkè-Ògùn a máa dí fáànù. Bí ó bá dúró ṣinṣin, ètò ààbò ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pèsè yọ ọ́, kí dráífà rẹ̀ má bàa ṣẹ́kù.

5. Ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tàn bí ìṣe rẹ̀. Lórí Windows 10, Defender tí ó bá a wá á gba iṣẹ́ ìṣọ́. Ẹ má fi olùṣọ́ méjì sí ìyẹ̀wù kan.

Ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà tún ṣe pàtàkì. Microsoft dá ìtọ́jú déédéé Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ó sì dá ti Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Olùṣọ́ tí a kọ́ fún ilé tuntun lè ṣàìmọ ojú ọ̀nà ilé àtijọ́.

Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi wa kò sọnù. Lónìí, ẹ̀dà rẹ̀ méjì wà, ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ yìí lọ́rẹ, kí ó yọ ètò ààbò àtijọ́ inú rẹ̀ kúrò, kí ó sì fi fláàṣì kan tì í. Orúkọ àwọn ọmọ wa ni a ó kó síbẹ̀. Kí Olúwa pa ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́.