Ọkọ̀ Ogun Bloodhound àti Ogun Àgídìngbì

Ọ̀rọ̀ tí bọ̀ọ̀dá wa kan sọ lánàá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní òyìnbó ò jagun gba Èkó, pé ìwé ni wọ́n fi gbà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìbọn ló ṣíwájú ìwé.

Ọkọ̀ ogun kan wà tó ń jẹ́ Bloodhound. Irin ni wọ́n fi kàn án, 1845 ni wọ́n sọ ọ́ sómi. Èédú ló ń jẹ, omi á hó, èéfín á máa tú, kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbá omi lọ. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Yanrìn ló dí ẹnu omi Èkó nígbà yẹn, ọkọ̀ ogun ńláńlá ò lè kọjá wọ ọ̀sà. Bloodhound kì í rì wọlé púpọ̀, kò sì ní í dúró de afẹ́fẹ́ kó tó rìn.

Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè. Ó ti gba adé lọ́wọ́ Akítóyè ní 1845, Akítóyè sì wà ní Àgbádárìgì tó ń bẹ òyìnbó pé kí wọ́n dá òun padà, òun á fòpin sí òwò ẹrú. Owó ẹrú sì ni Èkó ń jẹ lóòótọ́, a ò ní í tìtorí pé tiwa ni ká purọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ń wá ọ̀nà tí epo pupa á máa gbà jáde láti òkè. Èmi ò rò pé torí àánú ẹrú nìkan ni wọ́n ṣe wá.

Ní November 25, 1851, Beecroft tó jẹ́ kọ́ńsù wọn kó ọkọ̀ wọlé, wọ́n ta àsíá funfun. Àwọn ará Èkó yìnbọn fún wọn, wọ́n sì lé wọn padà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Èkó ló kọ́kọ́ borí.

Wọ́n tún padà wá ní December 26. Òṣódì Tápà ti to ìbọn sétí omi, wọ́n ti gbẹ́ yàrà, wọ́n ti ri igi mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kejì, Teazer, gúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú ìbọn gan-an. Bloodhound náà há. Òyìnbó tó kú nínú ìjà yẹn lé ní mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì ni ọta oníná kan já sí ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí, ó bú gbàù, iná ran ìlú. Kòsọ́kọ́ sá, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Ogun Àgídìngbì tàbí Ahóyaya nìyẹn: ìbọn ń hó yaya.

Ní January 1, 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé lórí ọkọ̀ Penelope. Nígbà tó fi máa di August 6, 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ló wà lórí oyè. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà nínú ọ̀sà pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, òun náà tọwọ́ bọ tiẹ̀, Èkó sì di ti òyìnbó. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún ni wọ́n ṣèlérí fún un.

Bọ̀ọ̀dá wa, ìwé tẹ́ ẹ ń sọ nìyẹn. Bloodhound ní tiẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀ ní 1866. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ẹ̀pẹ́ láàárín wa, tí bàbá yín ti sọ tiwọn fún yín, ẹ fohùn yín sílẹ̀ ká gbọ́.