Kíkọ́ Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísímù Nínú Ilé
Ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísímù, tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ní 1987, Ivar Lovaas ti Amẹ́ríkà ròyìn bí a ti kọ́ wọn nínú ilé wọn, ní nǹkan bí wákàtí 40 lọ́sẹ̀. A gé iṣẹ́ bí ọwọ́ fífọ̀ sí wẹ́wẹ́. Bí ọmọ bá ṣe ẹyọ kan, a yìn ín. Nígbà mìíràn wọ́n tún ń gbá ọmọ ní itan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti pa èyí tì.

Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ lè kọ́ láti fi àwòrán tọrọ omi. Èyí tí ń sọ̀rọ̀ lè kọ́ láti dúró de àkókò tirẹ̀ nínú eré. Nítorí náà, mo gbà pé kí olùkọ́ tó kọ́ ọmọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.