Ikú Tí Ó Ń Tún Ara Ṣe

Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: awọ so ìka pọ̀ mọ́ ìka. Ṣùgbọ́n kí a tó bí i, awọ náà a ti lọ, ìka márààrún a sì dá dúró. Ta ni ó gé awọ náà kúrò? Ara ẹ̀dá ni a fi àwọn ẹyọ kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì kọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín ìka ni ó kú fúnra wọn, nítorí pé àkókò wọn tó.

Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, fún irú ikú yìí ní orúkọ Gíríìkì kan, apoptosis, èyí tí ó jẹ mọ́ bí ewé ti ń já bọ́ láti orí igi. Bí ewé bá já, igi kò kú. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó kú bá kọ̀ tí kò kú, ó lè di jẹjẹrẹ. Bí èyí tí kò yẹ kí ó kú bá sì ń kú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ìpalára ńlá ni. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú.

Aràn tín-ín-tín kan, tí gígùn rẹ̀ tó mìlímítà kan, ni ó tú àṣírí náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì 1,090 tí ń dá nínú ara rẹ̀, 131 ni ó máa ń kú. Ní ọdún 1993, Junying Yuan, H. Robert Horvitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun tí ń pa sẹ́ẹ̀lì aràn yìí jọ ẹ́ńsáìmù kan nínú ara ènìyàn. Ẹ́ńsáìmù ni pròtéènì tí ń mú iṣẹ́ yá nínú ara, bí àwọn tí ń da oúnjẹ nínú ikùn. Ìdílé ẹ́ńsáìmù yìí ni a wá ń pè ní caspase.

Ẹ jẹ́ kí a fi pròtéènì wé okùn ìlẹ̀kẹ̀. Caspase kì í kàn gé okùn náà níbikíbi; lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ tí ń jẹ́ aspartic acid ni ó ti ń gé e, ó sì tún ń wo ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin bí èyí tí ó fẹ́ràn, wọ́n sì fi ìwọ̀ sí ìdí rẹ̀. Bí caspase bá gbé ìjẹ yìí mì, ìwọ̀ a há a lẹ́nu, kò sì ní lè gé ohun mìíràn mọ́. Ìwọ̀ tí a fi aldehyde ṣe lè tú. Èyí tí ń jẹ́ FMK kì í tú.

Ní ọdún 1995, Donald Nicholson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ fún èyí tí a mọ̀ sí caspase-3. Nígbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́ nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn àmì ikú dáwọ́ dúró. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan nínú agbo ilé, a ó dá a dúró, a ó sì wo iṣẹ́ tí kò ní di ṣíṣe.

Ṣùgbọ́n ìjẹ kan kì í mú ẹja kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn a máa há ẹ́ńsáìmù mìíràn lẹ́nu pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tí ó fi wọ́n ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn. Bákan náà, a rí i pé bí a bá dí caspase, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan a gba ọ̀nà mìíràn kú. Ní ọdún 2005, Yuan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde necrostatin-1, èyí tí ń dí ọ̀nà kejì yìí.

Irinṣẹ́ ìwádìí ni àwọn ìjẹ caspase. Wọn kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn. Síbẹ̀, ìmọ̀ nípa ikú sẹ́ẹ̀lì ti ń so èso. Ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí venetoclax, oògùn tí ń dí BCL-2, pròtéènì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú, kí sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan lè kú bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ewé já ni ó lè tọ́jú igi.